Ọ̀gá Tó Ń Gbọ́: Àwọn Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Máa Ń Bi Mí Lórí Dídákẹ́ àti Fífetí Sílẹ̀ Níbi Iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sítọ́ọ̀ kòkó ni mò ń bójú tó lójú ọ̀nà Òǹdó ní Àkúrẹ́ níbí, àwa mọ́kànlá la máa ń wà níbẹ̀ tí kòkó bá pọ̀, tí ọjà bá ti lọ sílẹ̀ a máa ń kù sí mẹ́fà. Látìgbà tí mo ti ń bá àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Arákàlẹ̀, àwọn supafáísà sáìtì, àwọn mátírọ̀n àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀gá ṣe lè máa gbọ́ ohun táwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń sọ, àwọn ìbéèrè kan náà ló máa ń padà wá, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ló ká mi lára jù.

Ṣé bẹ́ ẹ ṣe wà látilẹ̀ nìyí, àbí nǹkan kan ló kọ́ yín?

Nǹkan kan ló kọ́ mi o. Ọdún 2024 ni, ọdún tí owó kòkó fò sókè débi pé ó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní àpò méjì nílé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń sùn sí. Àpò 16 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan, torí náà ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí àpò kan ṣoṣo jẹ́ lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ti ṣú, ọkọ̀ kan tó ti ìhà Ìdànrè bọ̀ ń já ẹrù sílẹ̀, gbogbo wa ń sáré. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló ń ti ọwọ́ bọ àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ kòkó á mọ̀ pé kì í ṣe mítà nìkan la fi ń mọ èyí tó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tẹ́ ẹ fún un pọ̀, èyí tó gbẹ á dún, bí ìgbà téèyàn tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀, èyí tí omi ṣì wà nínú ẹ̀ á kàn rọ̀ síni lọ́wọ́, kò ní fọhùn. Ọmọ yìí fún un pọ̀, ó gbé e súnmọ́ etí, ó tún lọ fún ti àpò mìíràn, ó wá sáré wá bá mi, ó ní "Mọ̀mí, àwọn àpò ẹ̀yìn yìí..."

Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ní "Mo ti gbọ́, ẹ kó o wọlé, ṣé o ò rí òjò ni?" Ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Nígbà tá a máa fi ṣí wọn, àpò mẹ́sàn-án ló ti bu, funfun báláú, òórùn ẹ̀ gba gbogbo sítọ́ọ̀. Kòkó tí omi inú ẹ̀ bá ti ju ìdá 8 nínú 100 lọ, tẹ́ ẹ bá dì í sínú àpò pẹ́, bíbu ló máa bu. Mo pè é, mo ní kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ó wolẹ̀, ó ní "Mo fẹ́ sọ mà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì bínú. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn, owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó dùn mí ni pé ọmọ yẹn fetí sí kòkó, èmi ò fetí sí òun.

Kí lẹ ń pè ní dídákẹ́ gan-an? Ṣé kí n kàn jókòó, kí n má sọ̀rọ̀ ni?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ilé Yorùbá la ti dàgbà. Tí bàbá bá wọlé tí kò sọ̀rọ̀, gbogbo ilé á máa rìn ní ṣísẹ̀ṣísẹ̀, ìyá á máa fojú bá àwọn ọmọ wí. A mọ ẹni tó ń yan odì, a mọ ẹni tó ń kanra, a mọ ọ̀gá tó máa dákẹ́ lónìí kó lè rí ọ̀rọ̀ kó síni lórí lọ́la. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa gbé gbogbo èyí wá láti ilé. Torí náà tẹ́ ẹ bá kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè torí pé ẹ gbọ́ pé ó dáa, ìdààmú lẹ máa dá sílẹ̀, wọ́n á máa bi ara wọn pé ta ló ṣẹ ọ̀gá.

Dídákẹ́ tí mò ń sọ, ojú lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé bírò sílẹ̀, ẹ da fóònù bolẹ̀, ẹ yí ara yín sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ojú yín má le. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ jáde tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi sọ ọ́ fún àwọn tèmi, mo ní "Tẹ́ ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mo dákẹ́, mi ò bínú o, mò ń gbọ́ yín ni." Wọn ò gbà mí gbọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó kí n tó fèsì?

Sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ẹ dán an wò ná.

Obìnrin onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe lorúkọ ẹ̀, tó lọ ń wo àwọn tíṣà nínú kíláàsì, ní àwọn ọdún 1970 ló gbé ohun tó rí jáde. Ó rí i pé tí tíṣà bá bi ọmọ ní ìbéèrè, nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì kan péré ló máa ń dúró kó tó tún sọ̀rọ̀ tàbí kó pe ọmọ míì. Nígbà táwọn tíṣà náà wá kọ́ láti máa dúró tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìdáhùn "mi ò mọ̀" sì dín kù. Ọmọ kan náà ni o, tíṣà kan náà, sẹ́kọ́ńdì méjì péré ló yàtọ̀.

Ìdí tó fi máa ń ni wá lára ni pé èèyàn kì í fi àyè sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Lọ́dún 2009 àwọn onímọ̀ kan wo èdè mẹ́wàá káàkiri ayé, wọ́n rí i pé láàárín kí ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ kí ẹnì kejì tó dáhùn, ó máa ń sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdì kan tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, àwọn ará Japan ló yá jù, àwọn ará Denmark ló lọ́ra jù, síbẹ̀ tiwọn náà ò tó ìlàjì sẹ́kọ́ńdì. Yorùbá ò sí nínú àwọn èdè tí wọ́n wò, àmọ́ ẹni tó bá ti dúró ní Ọjà Ọba rí níbi tí wọ́n ti ń ná ata á mọ̀ pé àwa náà ò kẹ̀rẹ̀. Torí náà sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta máa gùn létí yín bí ìwàásù ni. Èmi máa ń kà á sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, tí mo bá dé ẹ̀ta tẹ́nu ṣì ń yún mi, mo máa ń kà á dé àrún. Ohun tí wọ́n gbé wá gan-an máa ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ pé "kò sí nǹkan mà." Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀, ẹ máa gbọ́ "àmọ́ ṣá..."

Gbogbo ohun tí mo bá sọ, "bẹ́ẹ̀ ni sà" làwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sọ, lẹ́yìn náà wọn ò ní ṣe é. Kí ni mo máa ṣe?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Lọ́dọ̀ wa níbí, "bẹ́ẹ̀ ni sà" kì í ṣe ìdáhùn, bí ìkíni ló rí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ò ní dúró níwájú àgbàlagbà kó máa sọ pé rárá, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Torí náà ó ń kí yín ni, ẹ̀yin ń rò pé ó gbà. Tẹ́ ẹ bá wá bi í pé "Ṣó yé ẹ?", ẹ ti fún un ní ìdáhùn kan ṣoṣo tó lè sọ.

Ohun téèyàn máa ń ṣe ni pé kó béèrè ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" ò lè dáhùn. "Ibo lo máa ti bẹ̀rẹ̀?" "Kí lo rò pé ó lè dí wa lọ́wọ́?" "Tó bá jẹ́ ìwọ lo wà níbi tí mo wà yìí, kí lo máa kọ́kọ́ yí padà?" Kẹ́ ẹ béèrè ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ má fi ìbéèrè kejì bo àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, àṣìṣe témi fúnra mi ń ṣe dòní nìyẹn, tí mo bá béèrè tí kò tètè dáhùn mo máa ń bá a dáhùn.

Ẹ tún máa gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí. "Bó ṣe wù yín mà." "Kò burú sà." Èyí tó le jù nínú wọn ni "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mà." Tí òṣìṣẹ́ yín bá ti sọ pé ẹ̀yin lẹ mọ̀, ẹ dá ọkọ̀ dúró, ó ti rí kòtò níwájú, ọ̀wọ̀ ni ò jẹ́ kó pariwo. Ẹ bi í, "Kí lo rí tí mi ò rí?" Kẹ́ ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, torí tó bá le báyìí ẹ̀rù á bà á, á tún ní "kò sí mà".

Wọ́n kọ́ wa ní trénìn pé ká máa wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í wojú mi.

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìlú tí ìmọ̀ràn yẹn ti wá, ẹni tí kò bá wojú èèyàn ni wọ́n ń pè ní òpùrọ́, níbí ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà ni wọ́n ń pè ní aláfojúdi. Ẹ̀yin ẹ wò ó jẹ́jẹ́, kí òun máa wolẹ̀ tó bá fẹ́. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn jù tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ kọjú sí ohun kan náà. Àwa máa ń sá kòkó lórí símẹ́ńtì lẹ́yìn sítọ́ọ̀, tí mo bá rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú ẹnì kan, màá mú ọ̀pá tí a fi ń yí i, a ó jọ máa yí kòkó. Kò wojú mi, mi ò wojú ẹ̀. Ohun tí mi ò gbọ́ rí ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé dírẹ́bà wa kan ò fi bẹ́ẹ̀ ríran lálẹ́ mọ́, ẹ̀rù ń bà á pé a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ní mítìn náà, ibi iṣẹ́ báyìí lẹ ti máa bá wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì gba àwọn tó dàgbà sí ìhà Èkìtì, ẹ rántí pé níbi tí wọ́n ti wá, wọ́n lè fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ̀sí kankan nínú ẹ̀. Mo mọ ọ̀gá kan tó fi ọdún odindi bá òṣìṣẹ́ ẹ̀ jà lórí "o" àti "ẹ", kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń sọ.

Tá a bá wà ní mítìn, ìgbà wo ló yẹ kí ọ̀gá sọ̀rọ̀?

Ìkẹyìn. Mi ò tiẹ̀ ní bá yín yọ ìdá kankan kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti sọ pé "èmi rò pé ká gbé owó ẹrù lọ sókè", mítìn ti parí, ohun tó kù ni kí wọ́n máa tì yín lẹ́yìn.

Nelson Mandela sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé ààfin Jongintaba tó ń ṣe adelé ọba àwọn Thembu, ẹ̀yà kan ní South Africa, ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà, ó máa ń wo bí ìpàdé ṣe ń lọ, olówó àti tálákà ló máa ń sọ tinú wọn, wọ́n á bú adelé ọba náà lójú ara ẹ̀, á kàn máa gbọ́ ni, ìparí ló máa ń sọ̀rọ̀, láti kó gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ jọ. Èyí kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa, ẹni tó bá ti jókòó níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nílùú wa á mọ̀ pé wọ́n kì í kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu olórí ẹbí. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, a mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì la dé tá a gbàgbé ẹ̀.

Nǹkan kékeré tá à ń ṣe: ẹni tó kéré jù níbi iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, a ó wá máa gòkè lọ. Tí àgbà bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọdé ò ní sọ nǹkan míì mọ́.

Iṣẹ́ la wá ṣe o, ẹrù ń dúró, kọ́sítọ́mà ń pariwo. Ṣé kì í ṣe fífi àkókò ṣòfò nìyí?

Ó yé mi, torí èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti erékùṣù Tenerife, lábẹ́ Sípéènì. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, kùrukùru bo pápákọ̀ òfurufú, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì wà lójú ọ̀nà kan náà, wọn ò ríra wọn. Awakọ̀ àgbà tó wà nínú ọ̀kan ń kánjú, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, òun ló máa ń kọ́ àwọn yòókù. Bó ṣe ń sáré kó lè gbéra, ẹnjiníà tó jókòó sẹ́yìn ẹ̀ béèrè pé ṣé ọkọ̀ kejì ò ì tíì kúrò lójú ọ̀nà ni? Awakọ̀ dáhùn pé ó ti kúrò, pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹnjiníà yẹn ò tún sọ nǹkan mọ́. Èèyàn 583 ló kú, kò tíì sí jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú méjì tó kọlura tó pààyàn tó bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń ronú ìbéèrè yẹn gan-an. Ẹnjiníà yẹn ò pariwo, kò pàṣẹ, ó kàn béèrè ni, bí ọmọ tèmi ṣe ní "Mọ̀mí, àwọn àpò ẹ̀yìn yìí". Báyìí ni ẹni tó wà lábẹ́ ṣe máa ń kìlọ̀ fún ọ̀gá, á dà á bí ìbéèrè, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn jàǹbá yẹn àtàwọn míì bíi tiẹ̀, àwọn tó ń fò lókè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí awakọ̀ àgbà ṣe gbọ́dọ̀ fetí sí àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ àti bí àwọn náà ṣe gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ sókè, ó ti di ara ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn báyìí. Sítọ́ọ̀ kòkó kì í fò, àmọ́ a ní èèyàn tó ń gun àkàbà, a ní ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lóru.

Mo máa ń gbìyànjú láti gbọ́, àmọ́ ọkàn mi máa ń lọ.

Ti gbogbo wa ni. Lọ́dún 1957 Ralph Nichols àti Leonard Stevens, ará Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì, kọ ọ́ pé nǹkan bí ọ̀rọ̀ 125 ni àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń sọ ní ìṣẹ́jú kan, ọpọlọ sì ń sáré ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àyè tó ṣẹ́ kù yẹn lẹ fi ń ronú owó dísẹ́ẹ̀lì àti owó iléèwé ọmọ. Ẹ fún ọpọlọ níṣẹ́ ṣe: kí ni kò tíì sọ? Kí ló sọ lẹ́ẹ̀mejì? Tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ jáde síta. Fóònù, ẹ yí i dojú bolẹ̀, mo ti sọ ọ́.

Báwo ni ẹni yẹn ṣe máa mọ̀ pé mo gbọ́ òun lóòótọ́?

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà fún un lẹ́nu tiyín. Carl Rogers àti Richard Farson náà kọ nípa irú fífetí sílẹ̀ báyìí lọ́dún 1957 kan náà yẹn, àmọ́ àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́, tẹ́ ẹ bá rán ọmọ níṣẹ́, wọ́n á ní "kí ni mo ní kó o sọ?"

Bó ṣe máa ń lọ lọ́dọ̀ wa nìyí. Obìnrin kan tó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú kòkó wá bá mi, ó ní "Mà, mo fẹ́ máa dé ní aago mẹ́sàn-án." Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, màá ti sọ pé aago mẹ́jọ la ń bẹ̀rẹ̀. Mo kà á dé ẹ̀ta. Ó ní "Torí ọmọ ni." Mo ní "Ṣé ohun tí mò ń gbọ́ ni pé kò sẹ́ni tó máa mú ọmọ dé iléèwé láàárọ̀?" Ó ní "Rárá mà, ẹni tó ń mú un lọ wà, mi ò fọkàn tán an mọ́ ni." Ẹ ò rí i, ohun tí mo rò kọ́ ló sọ, tí mi ò bá sọ ọ́ padà fún un mi ò ní mọ̀ láéláé. A yí àkókò ẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì.

Ṣé wọn ò ní gùn mí lórí tí mo bá ń dákẹ́? Wọ́n á ní mi ò lágbára.

Ọ̀gá tó ń pariwo ni wọ́n máa ń gùn lórí, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Ẹ̀yin ṣì lẹ máa pinnu, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá sọ pé rárá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbọ́ èèyàn tán, rárá yẹn máa ń wúwo ju èyí tẹ́ ẹ sọ kó tó lanu lọ.

Àwọn àgbà sì sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa, torí àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń sá sẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí ìlú tí ẹnì kan ti wá bú u níwájú yín, ẹ má dákẹ́. Tí ọkùnrin kan bá ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí ọmọ náà wá sọ fún yín, ẹ gbọ́ ọ tán, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbọ́dọ̀ dìde lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí wọ́n bá na ìka sí ẹnì kan pé olè ni láìsí ẹ̀rí, ẹ sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá tó bá dákẹ́ nírú àkókò yìí ti yan ẹni tó ń bá lọ, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sì mọ ẹni tó yàn, mo ti rí ibi tí ọmọ mẹ́ta ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kan torí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo kéré sí àwọn tí mò ń darí, bàbá kan wà níbẹ̀ tó lè bí mi lọ́mọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì FUTA tí wọ́n fi yín ṣe supafáísà, mo máa ń ro tiyín. Ẹ kí bàbá dáadáa láàárọ̀, ẹ má pè é wá sí ọ́fíìsì bí ọmọdé, ẹ lọ bá a níbi iṣẹ́ ẹ̀, ẹ ní "Bàbá, ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ rí sí i?" Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ dópin, ó lè gùn. Tẹ́ ò bá gba ohun tó sọ, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún un lójú ara yín, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹnì kan wà tí kì í dákẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Fífetí sílẹ̀ ò ní kẹ́ ẹ jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ gbọ́ ọ dé ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ ọ́ padà, ẹ sọ ọ́ padà, ẹ ní "Ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn?" Ọ̀pọ̀ wọn, torí pé kò sẹ́ni tó fi hàn pé òun gbọ́ ni wọ́n ṣe ń tún un sọ.

Lórí WhatsApp ńkọ́?

Ibẹ̀ ò dáa fún ọ̀rọ̀ tó bá wúwo. Tẹ́ ẹ bá ka ọ̀rọ̀ èèyàn tẹ́ ò fèsì, á rò pé ẹ ń bínú, kò sójú níbẹ̀. Ẹ kọ "Mo ti rí i, a máa sọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la," kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la.

Tí mo bá gbọ́ tán, àmọ́ kò sí owó láti ṣe ohun tí wọ́n ń béèrè?

Ẹ sọ fún wọn. Ohun tó ń pa èèyàn lára ni kó tú inú ẹ̀ síta kó má sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èmi máa ń dá ọjọ́, màá ní "Fún mi dọjọ́ Fráídè," tó bá di Fráídè, yálà ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe, màá pè é. Lọ́dún tó kọjá wọ́n béèrè owó ọkọ̀, mi ò rí i fún wọn, mo ṣí ìwé owó níwájú wọn ká jọ wò ó. Inú wọn ò dùn. Àmọ́ wọ́n ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀.

Kẹ́ ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ ẹni kan dé etí ẹni kejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é, kò sẹ́ni tó máa tún bá yín sọ̀rọ̀.

Ọmọ kòkó tẹ́ ẹ sọ lókè yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín?

Ó wà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àpò mẹ́sàn-án yẹn mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn, ojú tì í ju bó ṣe tì mí lọ. Ó pẹ́ kó tó tún bá mi sọ ohun tó lágbára, nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan tá à ń tilẹ̀kùn, ó dúró, ó ní "Mọ̀mí." Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, mo kà á dé ẹ̀ta, mo kà á dé àrún. Ó wá ní "Skéèlì wa yìí, mi ò mọ̀ o, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ń sọ pé ó ń gé." Ìyẹn ni pé a ń wọn kòkó wọn kéré sí bó ṣe wà, a ń jẹ owó wọn. Ó wù mí kí n sọ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo ní "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" mo sì rántí pé ìyẹn ò yẹ, mo ní "Má wulẹ̀ dárúkọ wọn. Kí lo rí?" Ó ní òun ti fi àpò símẹ́ńtì tí wọn ò tíì tú wò ó, ó fi kílò kan dín, ó tún gbé òmíràn síbẹ̀, bákan náà ni.

A pe ẹni tó ń tún skéèlì ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òótọ́ ni, ó ń gé. A ṣí ìwé, a dá owó padà fún àwọn àgbẹ̀ tórúkọ wọn wà níbẹ̀. Àwọn tá ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, a ṣì ń béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà tó bá ti ìhà Ìdànrè wá.